Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Lára Ògiri

Ilé Sànní Oníkòkó,
Àrámọ̀kọ-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejìlá, 1964.

Jemilat ọmọ mi,

Asàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Àwa níbí, a dúpẹ́, kò sí ohun tó ṣe wá àfi ọyẹ́ tó ti ń la ètè wa. Ọlọ́run tó mú ọ gun ọkọ̀ lójú wa, Òun náà ni yóò mú ọ sọ̀ kalẹ̀ lójú wa. Ẹni tó bá ní kó o má jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, òun ni yóò máa ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò máa jẹ ẹ́. Àmín.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, má rò pé mo bẹ akọ̀wé. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, tíṣà ní kí n dúró di oṣù mẹ́fà, mo ní èyí tí mo mọ̀ yìí ti tó mi. Ẹni tó fi orí ru kòkó láti Ìdó-Ilé dé ibi tí ọkọ̀ ń dé, títí orí rẹ̀ fi pá, tó sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé onípáànù, tó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ níwájú àti lẹ́yìn, ṣé gègé ìkọ̀wé ni yóò wá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró? Ìdí mìíràn tún wà tí mi ò fi gbé e fún akọ̀wé, wàá rí i tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn, òjò àkọ́rọ̀ ló bá dé. Òjò ti lọ báyìí. Iléyá méjì ti kọjá tí a ò rí ọ. Àlímì awakọ̀ tó ń gbé kòkó wa lọ sí Ìbàdàn ní òun wá ilé tó o júwe dé ojúlé, wọ́n ní o ti kó kúrò, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó o kó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó o ní o wà, mo sì kọ orúkọ rẹ gàdàgbà kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè. Èmi ò bẹ̀rù o. Ọkùnrin ni mí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ Àbẹ̀kẹ́, láti ìgbà tí Àlímì ti dé, òkèlè méjì ni yóò jẹ, yóò ní òun ti yó, yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ títì.

Ibi tí a wà nìyẹn tí sinimá fi dé. Mi ò sọ pé ó wá sí Àrámọ̀kọ o, ilé wa ló wá. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ni, Ìpótì ni wọ́n ti ń bọ̀, ìjì sì ti fa aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe é ya níbẹ̀. Ni wọ́n bá ń wá ògiri funfun káàkiri ìlú. Wọ́n wo ti Mákindé tó kọjú sí wa, pupa fòò, amọ̀ lásán. Wọ́n yíjú, wọ́n rí tèmi tí mo fi ẹfun kùn lódún Iléyá, ó ń dán bí eyín ọmọ tuntun. Ọ̀gá wọn ní baba, ògiri yín la fẹ́. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun.

Mákindé, o mọ̀ pé alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Àpọ́sítélì, ó ní òun ò ní bá wọn wo iṣẹ́ òkùnkùn, ó ní ohun tó jẹ́ pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú kó tó hàn, òun ò fẹ́ mọ baba tó bí i. A kírun àṣálẹ́ tán, mo jáde, àga ta ni mo bá níwájú àga mi? Ti Mákindé ni. Mo ní alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ òkùnkùn. Ó ní ìyàwó òun ni òun wá wá. Ìyàwó rẹ̀ Lydia sì jókòó tì í, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Jemilat, ohun tí ojú mi rí, ẹnu mi ò lè sọ ọ́ tán. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip ló ń darí rẹ̀. Ó gbé àpótí dúdú kan lé orí tábìlì, ó tan iná, ìmọ́lẹ̀ là gbọọrọ láti inú àpótí dé ara ògiri mi, ògiri ọ̀hún sì ṣí bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Oko kòkó ló wà nínú rẹ̀! Igi kòkó títí dé abẹ́ páànù mi, ewé ń mì, mo gbọ́ ẹyẹ. Àgbẹ̀ kan jáde wá, ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn sí kòkó kó má baà rà. Èmi tí mo jẹ́ ẹni tó ni ilé, ṣé kí n rí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ kí n máa wò ó bí ewúrẹ́? Mo dìde, mo ní ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé o. Kò dáhùn. Mo tún un kí. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Lára ògiri mi! Mo ní bóyá ariwo ẹ̀rọ iná tó wà nínú ọkọ̀ ni ò jẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èyí tí mo tún rí sí i ni pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ ló wọ̀. Àgbẹ̀ wo ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀ lọ sábẹ́ kòkó? Bó sì ṣe mú àdá, bí ẹni mú ṣíbí. Àmọ́ kòkó rẹ̀, háà! Kòkó rẹ̀ tóbi tó orí ọmọ. Mo sún mọ́ ògiri kí n fọwọ́ kan ọ̀kan, òjìji mi bo gbogbo oko náà, ni gbogbo ènìyàn bá ń pariwo pé kí n jókòó. Kí èmi Sànní jókòó, nílé mi!

Èkejì ni ti òyìnbó kan tí atẹ́gùn gbé fìlà rẹ̀ lọ. Ó ń lé fìlà, fìlà ń sá, ó ṣubú sórí àwọn tó ń jẹun, ó bọ́ sínú kòtò, ó jáde, ó tún ń lé e. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó pé ọkùnrin yìí ò ní ará, kò ní ìyekan, nínú gbogbo ìlú tó sáré já yẹn, kò sí ẹnì kan tó bá a di fìlà mú. Ìgbà tó yá ni ó jìn sódò, omi ọ̀hún sì ń bọ̀ wúruwùru lára ògiri, ó kọjú sí wa gan-an. Ìyá rẹ fò dìde, ó sáré kó ata tó sá sórí ẹní méjì ní ìdí ògiri, Lydia bá a gbé ẹní kejì. Ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ pa ògiri náà láti òkè délẹ̀. Gbígbẹ ni. Odò tó tó báyẹn, kò fi ìkán omi kan sílẹ̀. Ọlọ́run tóbi.

Ẹ̀kẹta ni Ìbàdàn. Ọmọ mi, mo ti dé Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí lára ògiri yìí ju èyí tí mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ọkọ̀ pọ̀ bí èèrà. Wọ́n wá fi ilé iṣẹ́ kan hàn wá, àwọn ọmọbìnrin pọ̀ níbẹ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń di nǹkan sínú páálí. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí wa. Ìyá rẹ kígbe. Ó ní Àjíkẹ́ òun rèé o! Ó ní ẹ wá wò ó, Àjíkẹ́ òun rèé, ọmọ Sànní, ọmọ tí òun pọ̀n tí kò sunkún, òun rèé o, ṣé kò rí òun ni? Bó ṣe ń kì ọ́ lọ báyìí, lójú gbogbo ilé, lójú gbogbo àdúgbò, ọmọbìnrin ọ̀hún fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

Ni ariwo bá sọ. Àgbẹ̀ tí mo kí lẹ́ẹ̀mejì ò dá mi lóhùn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ gbọ́ láti Ìbàdàn, ó sì kúnlẹ̀! Lydia ní ọmọ tó wà nílé òun pàápàá, àfi tí òun bá fi orógùn hàn án kó tó kúnlẹ̀, ẹ wá wo ọmọ tó wà lára ògiri. Mákindé ní aláàánú ni Jésù. Mo ní nínú ilé ìmàle lo ti rí i o, alàgbà.

Philip rọra wá bá ìyá rẹ, ó ní màmá, àwòrán ni, ó ní ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti yà á. Ìyá rẹ ní bó bá jẹ́ ọdún kan ni, a jẹ́ pé láti ọdún kan ni ọmọ òun ti mọ̀ pé ìyá rẹ̀ yóò pè é. Ó wá ń bẹ Philip pé kó dákun pe ọmọ náà padà. Ọmọ dáadáa ni Philip, ó yí nǹkan inú àpótí rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún un ṣe. Ọmọ náà tún yíjú, ìyá rẹ tún ki oríkì, ọmọ náà tún kúnlẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹ ò rí ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é, ẹ̀ẹ̀mejì ló kí wọn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n kọ iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Mo ka àwọn ará àdúgbò, mo ka àwọn tó wà lára ògiri mọ́ wọn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀ yẹn nìkan ni mi ò kà.

Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ ń jẹun. Ó jẹ iyán lánàá, ó ní kí n bu sí i. Ó ti ń kọrin tó bá ń fọ abọ́. Tó bá di àṣálẹ́, yóò lọ dúró ní ìdí ògiri, yóò ní Àjíkẹ́, kú iṣẹ́ o, máa bọ̀ ní ulé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Nígbà tí Philip tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, èmi ò wo orúnkún, ọrùn ni mo wò. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ gbígbóná dà sí ọ lọ́rùn, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, èmi ni mo gbé ọ sáré lọ sí Ìjerò fún ìtọ́jú, mo mọ àpá yẹn ju bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọ tó wà lára ògiri, ọrùn rẹ̀ ń dán. Páálí tó wà nílẹ̀ ló sì kúnlẹ̀ gbé. Mo rí i. Nígbà tí ìyá rẹ yíjú sí mi, tó ní Bàbá Jemilat, ṣé ẹ rí i, mo ní mo rí i.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ, tí ìwọ kì í bá ṣe ẹni tó wà lára ògiri, má sọ fún ìyá rẹ láéláé. Kọ lẹ́tà fún un pé o gbọ́ nígbà tó pè ọ́, èmi ni n ó kà á sí i létí. Bó o bá sì ṣe ohun tí ojú ń tì ọ́ tí o ò fi lè wálé, ojú kì í ti ọmọ wọ inú ilé tí baba rẹ̀ fi orí ru kòkó kọ́. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìyá rẹ ni yóò bi ọ́, èmi yóò ní kó dákẹ́.

Fi owó díẹ̀ rán Àlímì sí wa. Kì í ṣe pé n kò lówó o, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ dì í sínú aṣọ kan tí ìyá rẹ mọ̀, kí n lè mọ̀ pé ìwọ lo dì í.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní ibi tí èmi ò mọ̀. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò bá ọ di fìlà mú lọ́jọ́ ìjì. Kí ọjọ́ tí n ó tún rí ọ jẹ́ ọjọ́ tí n ó fọwọ́ kàn ọ́, tí n ó sì kí ọ, tí wàá dá mi lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sànní.