Eyín Àbí Ẹ̀yìn

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi. Fajúro ni wọ́n ń pè mí nílé, ẹ lo ìyẹn.

Mi ò parí girama, àmọ́ mo lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní ọsibítù: kí èèyàn máa gbọ́ ohùn dókítà, kó máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tí o kì í gbọ́ tí wọ́n bá ní kí o fọ abọ́? Tí wọ́n bá gbà ọ́, màá fọ aṣọ rẹ fóṣù kan gbáko!"

Obìnrin tó ń darí ìdánwò kìlọ̀ pé ohun tí a bá gbọ́ nìkan ni ká tẹ̀. Ni dókítà bá ní ẹ̀yìn ń dun aláìsàn. Mo wá àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà yẹn títí, mi ò rí ọ̀kankan. Mo tẹ "eyin". Àyà mi já: wọn ò ní kà á sí eyín báyìí? Mo bá fi kún un: "eyi ti a fi n pon omo, ki i se ti enu."

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo jáde ni mo rántí ìkìlọ̀. Mo sunkún délé.

Àná ni obìnrin yẹn pè mí, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Nínú gbogbo yín, aláìsàn tìẹ nìkan ni wọn ò ní fa eyín rẹ̀ yọ. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé." Ara tù mí pẹ̀sẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi wá ń bẹ̀bẹ̀ pé àwàdà lòun ń ṣe. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dárí jì í? Ẹ tètè dáhùn o, mo ti rẹ aṣọ sómi.