Fóòmù Bẹ́ẹ̀sì Ìyá Rẹ

Ìyá mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé yàrá tí o ń gbé kò gbóná jù? Àwa náà wà níbí, a ń mí, a ń jẹun, a sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísùn yẹn ní àlàyé tí n ó ṣe níwájú. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ilé yìí pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo ni yóò mú ọ wọlé padà pẹ̀lú ẹrù tí ọwọ́ méjì kò ní lè gbé. Ibi tí wọ́n ti ń pè ọ́ ní àǹtí, wọn kò ní fi orúkọ mìíràn pè ọ́ níbẹ̀. Àmín.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nítorí pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè. Kò sẹ́ni tó kú. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ ọ́, ìparí lẹ́tà lo máa ń kọ́kọ́ kà. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Kì í ṣe pé a tún un ṣe, òjò ló dáwọ́ dúró. Ajá ará ilé kejì ti bímọ, ó sì bí wọn sí ẹnu ọ̀nà tiwa, gbogbo wa wá ń fò wọlé bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀sì ló kù, òun gan-an ló sì gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

O rántí ọjọ́ tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé sọ́bwúfà hóòmù tíátà tí o rà fún wa, àpótí dúdú tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní bẹ́ẹ̀sì, ti ń wúkọ́. Ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. Ikọ́ náà ló kúkú ń wú, n kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Bí ohùn orin bá ti lọ sílẹ̀, á máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń ya páálí. Mo gbé e sẹ́nu fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, mo nu ojú rẹ̀, mo fún un ní ìsinmi odidi ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ náà tún wá le sí i ni. O ní kí n gbé e jù nù, pé wọ́n ń ta tuntun ní ẹ̀dínwó lọ́dọ̀ yín, pẹlẹbẹ báyìí, tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, kí n kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí o lọ rà á kó tó tán. O fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbé fóònù sára ògiri kí n lè wo bí yóò ṣe rí níbẹ̀, ó bá ògiri mu lóòótọ́, àmọ́ ó kéré, kò ju ìka mi lọ. O tún ní kò ní wáyà, bulutúùtù ni. Mo ní àmín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo ka ìwé girama jáde, mo mọ búlúù, mo sì mọ túùtù. Ẹ̀rọ tó ní eyín, tí eyín náà tún ti yí sí búlúù, ṣé kì í ṣe èyí tó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n fẹ́ tà fún ọmọ mi ní ẹ̀dínwó? Ó lè jẹ́ pé èmi ni n kò lóye. Ìwọ náà mọ̀ mí, bí mo bá pinnu nǹkan láàárọ̀, mo ti ń bi ara mi léèrè kó tó di ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eyín ni kò jẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ etí ni. Jókòó kí o tó ka ibí yìí. Gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé, tí a ní nẹ́tíwọ̀kì ni, nẹ́tíwọ̀kì kọ́ ni o, etí ni. Láti ìgbà àìsàn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá ni etí méjèèjì ti ń di lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti di pátápátá báyìí. A gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ìyá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, pé wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa sáré bọ̀. Ó wá fi àmín ṣe ìdáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, ó ní kò sí ohun tí ọmọ lè bá ìyá rẹ̀ sọ tí àmín kò ní bá mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí o sọ fún un pé ibà dá ọ dùbúlẹ̀, ó ní àmín, á máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Má bínú.

Bẹ́ẹ̀sì yìí ló wá di etí rẹ̀. Ó gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí pẹ́dà maṣíìnì, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì wà lára bẹ́ẹ̀sì. Bí orin ṣe ń gbọ̀n án lẹ́sẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé orin ti yí. Á máa kùn orin lábẹ́nu, á máa rán aṣọ lọ, pẹ́dà á máa bá orin rìn. Kíkùn náà kì í bá orin mu o; orin á gba ọ̀tún, òun á gba òsì. Mo ti ráhùn nípa rẹ̀ rí. Ìgbà tí bẹ́ẹ̀sì wá ń wúkọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ní ó ń rìn òun lẹ́sẹ̀ bí èèrà. Láti ọjọ́ náà ni kò kùn mọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, èmi tí etí mi là ni kò wá rí nǹkan gbọ́. Tuntun tí o fẹ́ rà, ògiri ni yóò gbé. Ṣé ìyá rẹ á wá máa na ẹsẹ̀ sókè sára ògiri rán aṣọ oníbàárà ni?

Ni mo bá gbé bẹ́ẹ̀sì lé èjìká, ó di ọ̀dọ̀ Wáyà. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-epo ni, orúkọ yẹn mọ́ ọn lórí nítorí wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó tẹ ẹnu bẹ́ẹ̀sì síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ní Bàbá, kò tí ì kú o, fóòmù ẹ̀ ló jẹrà, ẹ lọ wá fóòmù wá, n ó bá yín fi sí i. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò mọ̀, mo ní kò burú, mo gbé ẹrù mi padà.

Mo ro ibi tí wọ́n ti ń gba fóòmù láyé yìí, mo rí i pé báńkì ni. Mo tò sórí ìlà. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ní fóòmù kí ni, sà? Mo ní fóòmù bẹ́ẹ̀sì. Bóyá kò gbọ́ mi dáadáa, ó ní ṣé ti oníṣòwò ni àbí ti ẹni kan ṣoṣo? Mo ní ti ẹni kan ṣoṣo, ìyàwó mi ló ń lò ó jù. Ó fún mi ní fóòmù, ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n má fo ìkankan. N kò fo ìkankan. Níbi orúkọ, mo kọ Bẹ́ẹ̀sì. Níbi ọjọ́ ìbí, mo kọ ọjọ́ tí o gbé e wálé. Níbi iṣẹ́, mo kọ orin. Wọ́n béèrè bóyá ó ti gbéyàwó, mo rò ó títí, mo kọ pé rárá, ṣùgbọ́n ó ń gbé pẹ̀lú spíkà kéékèèké márùn-ún. Ẹbí tó súnmọ́ ọn jù, mo kọ orúkọ ìyá rẹ. Wọ́n wá ní kí n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, mo gbé e jókòó lórí àga. Onífọ́tò ń nu kámẹ́rà, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kó gbé orí sókè díẹ̀, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kò ní etí, ẹnu nìkan ló ní. Ìgbà yẹn ló gbójú sókè.

Mo mú fóòmù náà lọ bá Wáyà, ó gbà á, ó ń kà á. Nígbà tó dé ibi spíkà márùn-ún, ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé, ó sì jókòó lé e. Ẹ̀rín pin níbẹ̀. Lẹ́yìn tó fò tán, ó ní Bàbá, irú fóòmù tí à ń sùn lé ni mo ń wí, kì í ṣe fóòmù tí à ń kọ! Ó fi hàn mí: òrùka rírọ̀ kan ló yí ẹnu bẹ́ẹ̀sì ká, òun ló ń jẹ́ kí ẹnu náà lè máa lọ kó máa bọ̀. Ó ti rún. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń dà sílẹ̀ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fún nǹkan méjì ní orúkọ kan?

Irú fóòmù tí à ń sùn lé, ìyẹn yé mi. Mo dé ilé, ìyá rẹ ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mo mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, mo gé igun kan nínú fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì wa, níhà ibi tó máa ń gbé ẹsẹ̀ sí, nítorí ẹsẹ̀ náà ṣáà ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ bò ó dáadáa. Wáyà wo fóòmù náà, ó wò mí, ó ní òun kò ní rẹ́rìn-ín lónìí, ibi tó jóná ṣì ń ta òun. Ó ní èyí ki jù, pé òrùka rẹ̀ gan-an wà fún títà ní ìgboro ńlá, bí n kò bá sì rí i, kí n kúkú jẹ́ kí ọmọ mi ra tuntun. Mo padà sílé, n kò mọ èwo ni ṣíṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó bá ihò pàdé. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, kò sì mọ ìgbà tó bá ń pariwo. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ nígbà tó ní eku wo nínú ilé yìí ló ní sísọ́ọ̀sì! Ó bá wo ẹnu sísọ́ọ̀sì, ó rí ẹ̀rí. Ìwọ ọmọ aránṣọ, kò yẹ kí n ṣàlàyé fún ọ pé sísọ́ọ̀sì aránṣọ kì í gé ohun mìíràn ju aṣọ lọ. Mo sáré mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sórí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀ pé nítorí bẹ́ẹ̀sì ni, nítorí ẹsẹ̀ rẹ ni. Ó kà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ẹ gbé bẹ́ẹ̀sì ọ̀hún wá kí n rí i.

Ó fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká, ó ní ṣebí kọ́là ló já, bíi ti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo mi orí pé kì í ṣe kọ́là, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ pé fóòmù ni. Ó ní kí n lọ jókòó sójú kan, kí n má gé nǹkan kan mọ́. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn bẹ́ẹ̀sì bí ẹni ń wọn ọrùn oníbàárà, ó tú báàgì ilé-ìwé rẹ àtijọ́, ó gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ó fi rán kọ́là fún bẹ́ẹ̀sì. Kọ́là àkọ́kọ́ le jù. Nígbà tí Wáyà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn, mo sì tún rántí eyín búlúù yẹn. Ìyá rẹ bú Wáyà, ó bú mi, ó tú u, ó rán òmíràn, ó ní òun fi àyè sí eléyìí, bíi kọ́là ọmọ tó ṣì ń dàgbà.

N kò ní purọ́ fún ọ, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wáyà ní òun kò lè búra, ó lè pẹ́, ó lè má pẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ bọ́ bàtà, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Nígbà tó yá, pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò pẹ́, ó ń kùn. Orin gba ọ̀tún, òun gba òsì. Mo jókòó síbẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, àṣé mo dorí ìwé ìròyìn kodò.

Nítorí náà, ìyá mi, má ra tuntun. Àárọ̀ ni mo ti pinnu, ọ̀sán sì ti pọ́n báyìí, n kò tí ì yí i padà. Owó tí o fẹ́ fi rà á, bá wa fi ra fóòmù. Èyí tí à ń sùn lé ni mo ń wí o, má lọ sí báńkì. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ń bọ́ sínú ihò tí mo gé, ó sì ń fi èkejì gbá mi. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, fi sísọ́ọ̀sì tuntun kún un, kí ilé lè tòrò.

Ohun kejì kì í ṣe owó. Wáyà fi ihò kan hàn mí lẹ́yìn bẹ́ẹ̀sì, ó ní wáyà fóònù lè wọ ibẹ̀, ohùn ẹni tó bá pè á sì gba inú rẹ̀ jáde. Ìyá rẹ á lè gbé ẹsẹ̀ lé ohùn rẹ. Kò ní mọ ohun tí ò ń sọ, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé ìwọ ni. Àmọ́ Wáyà ní ohùn tó bá nípọn nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ohùn tìrẹ sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Jọ̀wọ́, bí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ṣe ohùn bí ọkùnrin. Bí àwọn ará ilé rẹ bá béèrè pé kí ló dé, sọ fún wọn pé ìyá rẹ lò ń kí.

Ohun tó ń jẹ́ kí ẹnu rẹ là kò ní jẹrà. Kọ́là rẹ kò ní já láwùjọ. Ẹni tí yóò bá wọn ayé rẹ, yóò fi àyè sílẹ̀ fún ọ láti dàgbà. Ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé, ayọ̀ ni yóò máa gba ibẹ̀ wọ inú rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ.

Mo dìde lọ wá àpò lẹ́tà, mo fi ìwé yìí sílẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ. Ìgbà tí mo padà dé, ìyá rẹ ti kà á tán, gbogbo àṣírí tó ní kí n má tú. Ẹ̀rù bà mí. Kò wò mí. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ èyí sísàlẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un:

Àmín. Eléyìí, mo gbọ́ ọ.