Ẹnu Àyálò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ tipẹ́: àbá ni mo ń dá níbi iṣẹ́ mi. Adití á tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀, á yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, èmi á kà á sétí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Onítọ̀hún á fèsì, èmi á tẹ̀ ẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ta ní í fi àmì ohùn sí i? Kò sí! Oko lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ. Mò ń méfò. (Ìdí nìyí tí mo fi ń wọ́n àmì sí ìwé tèmi bí iyọ̀.)

Ìyá Òfin, ọ̀gá wa: “Ẹnu lásán ni yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Níbi iṣẹ́, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán á ní “ó yá”, kí ẹnìkejì lè fèsì. Mo sọ ọ́ nílé. “Oúnjẹ dùn, ó yá.” Ìyàwó mi ní, ó yá síbo?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Yéè. Káfíńtà adití kan ń fi ẹnu mi fẹ́ onídìrí kan láti bí oṣù mélòó kan. Mo kúkú rò pé àpọ́n ni. Òní ló fẹ́ sọ pé kí àwọn ṣègbéyàwó, mo fura. Ló bá tẹ̀: “Mo ni oro pataki. Aya mi n ja.”

Mo fi ohùn ńlá kà á: “Aya mi ń jà.”

Onídìrí ní, aya ta ló ń jà? Káfíńtà fèsì: “Temi ni. O n ja lati aaro.”

“Ó níyàwó nílé! Kó wá jà dé ṣọ́ọ̀bù mi, kí n fi kóòmù yà á!” Ó já fóònù mọ́ mi létí. Inú bí èmi náà. Oníjìbìtì!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Káfíńtà tún pè é. “Mi o ni aya rara.” Lọ́tẹ̀ yìí mo ronú kí n tó kà. Ẹni tí aya rẹ̀ ń jà kò lè ní òun ò ní aya. Mo kà á pé: “Mi ò ní àyà rárá.”

Onídìrí ní: “Kò láyà? Ẹni tó láyà láti tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ!” Gbàgà, ó tún já a.

Mo gbóríyìn fún ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo yọ́ wọ ilé ìdáná. “Mo dé, ó yá!” Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. “Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Àyà mi ń já o!”

Mo jókòó sílẹ̀ gbì.

Àyà. Ó ń já. Ẹ̀rù ló ń ba káfíńtà, ọmọ ọlọ́mọ! Mo rò ó fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó wá nu ojú rẹ̀. Ó ní ẹnu tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe. Mo ní òfin kò gbà á. Ó ní òfin ni yóò bá wọn gbélé ni? Mo ní, “Mo ti gbọ́, ó yá.” Ìyẹn ló wá bí i nínú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá Òfin pè. Káfíńtà ti bẹ̀bẹ̀ fún ìpè kan láàárọ̀ ọ̀la, ìpè ìkẹyìn, kó lè dágbére fún onídìrí. Èmi ló sì ní kí ó jẹ́ ẹnu òun. Ó ní mo mọ ohùn òun kà.

Àyà mi ń já. Aya mi ń jà. Méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí.

Lọ́la, kí n tó ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, màá sọ tèmi: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnu ló ṣìwí. Kò níyàwó. Àyà rẹ̀ ló ń já, nítorí yín.” Màá tẹ̀ ẹ́ fún káfíńtà náà, pẹ̀lú àmì lórí. Kí Ìyá Òfin wá lé mi.

Ó yá.