Búrẹ́dì Olóògbé

Sátidé, Oṣù Kẹwàá, 2006

Ó ṣì ń rí mi lára.

Mo gbé Bísí ọmọ mi lọ sí ìlú Cheverly, níbi tí wọ́n ti ń ṣèrántí olóògbé kan, olórin pọ́ńkì, orin aláriwo tí ó fẹ́ràn. Ọkùnrin náà a máa bu búrẹ́dì jẹ lórí ìtàgé, a sì máa ju èyí tó kù sáàárín èrò. Ìyẹn ni wọ́n ń rántí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níṣojú ìyá rẹ̀! Èmi nìkan ló kí i.

Bísí mú búrẹ́dì tirẹ̀, èyí tí ọkùnrin náà jù sí i nígbà kan, jáde nínú ọ̀rá; ó ti gbẹ. Ìyá olóògbé gbà á, ó rọra fọwọ́ pa àpá eyín tó wà lára rẹ̀.

“Eyín ọmọ mi rèé. Ṣé kí n mú un lọ?”

Bísí já a gbà. “Rárá, ma. Èmi ló jù ú sí.”

Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkúnlẹ̀!

Títí a fi délé ní Clinton, ó gbé búrẹ́dì náà sáyà bí ọmọ ọwọ́. Mi ò lè wò ó lójú.