Ta Ló Ń Fọ Ọwọ́ Savsan?

Ìyá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le. Òtútù Mọ́síkò ní Rọ́ṣíà níbí ló dí mi nímú tí ohùn mi fi rí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Ọmọ mi sọ̀rọ̀! Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí kò fọhùn! Mo ń gbọ́ yín lórí fóònù: ẹ ń da omi sí i lọ́wọ́ kó tó jẹ búrẹ́dì, ẹ kọ orin tí mo máa ń kọ fún un, ẹ dákẹ́ lórí "Ta ló ń fọ ọwọ́ ọmọ?", Savsan sì parí rẹ̀: "Ìyá Àgbà!"

Ẹ wá ń bẹ̀ mí: "Gulsifat, má bínú, màá kọ́ ọ kó dáhùn pé 'Ìyá mi'." Kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ṣé irọ́ ló pa ni? Èmi náà ti ń kọ orin náà bẹ́ẹ̀, "Ìyá Àgbà", nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀ níbi iṣẹ́ níbí.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé. Ẹ má jẹ́ kí omi ọwọ́ rẹ̀ tutù jù.

Ọmọ yín,
Gulsifat