Orin Tó Ń Tú Àṣírí Òkú

Òkè Ilé Aránṣọ,
Òpópónà Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn, ẹ sì kú ariwo àwọn ìbejì. Ṣé ara yín le? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Èmi náà wà dáadáa, àfi pé àyà mi ṣì ń já díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ tí a ti ń gé fíìmù, tí a sì ń tò ó pọ̀ yìí fẹ́ fi dán mi wò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé, ọ̀gá ò tíì gbà mí, wọn ò sì tíì lé mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sí yàrá tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fi fíìmù adẹ́rùbani tí àwọn ṣe han àwọn èèyàn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Òkú ń jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Oníṣòwò tó fẹ́ rà á sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí kálukú wo ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, kó sọ ibi tó ti bàjẹ́. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní ohun tí mo bá sọ ni àwọn máa fi mọ̀ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, tí ẹ sọ mí ní Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ tí aṣọ tí ẹ sá sórí okùn lé mi wọlé. Kí obìnrin inú fíìmù náà tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, mo ti fi ìborùn bo orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo wà lábẹ́ ìborùn.

Ẹni tó ń bójú tó iná sọ pé yàrá inú fíìmù náà mọ́lẹ̀ jù, òkú ń dán bí ẹni tó fi òróró para. Ayàwòrán ní kámẹ́rà sún mọ́ ojú obìnrin náà jù, a ò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn yẹn gan-an ló sì yẹ kó máa bà wá lẹ́rù. Ó wá kàn mí. Mo rò ó kí n purọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣìnà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo dijú ni."

Ọ̀gá ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko? Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń gbọ́ ni, sà. Orin yẹn ló ń tú àṣírí òkú. Kí òkú tó yọ, orin ti ń ké pé ó ń bọ̀ o, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó bá fi máa yọ, ẹ̀rù ti tán lára mi. Ibi kan ṣoṣo tí àyà mi ti já ni ibi tí orin ti dákẹ́, tí mo kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin yẹn lórí pákó."

Orin náà ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yòókù létí débi pé wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí wọ́n sì dín iná kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníṣòwò jókòó ti ọ̀gá, ó mú ife tíì lọ́wọ́. Bí òkú ṣe yọ, ó lọgun, "Yéè! Ìyá mi ò!" Gbogbo tíì dà sórí ṣòkòtò ọ̀gá. Ọ̀gá ò tiẹ̀ nù ún, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbà mí! Mo sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo wọn, ojú ò tì mí. Ọ̀gá wá ní oníṣòwò náà ti béèrè fún fíìmù adẹ́rùbani mẹ́fà sí i, èmi ni àwọn á sì máa kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán wò, torí kò sí ojo bíi tèmi nílé iṣẹ́. Mo bá tún bú sẹ́kún. Èyí kì í ṣe ti ayọ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ìbejì dáadáa. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ o, wọ́n á ní kí n wá pa ìtàn òkú fún àwọn.

Èmi ni àbúrò yín tó ti ń fi ìbẹ̀rù jẹun,
Ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀.