Ihò Mẹ́ta Lára Irin Sípíríǹgì

Ojúlé Kejìlá,
Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Adédèjì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó tún di àna mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Oǹdó? Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ojú ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń ka ìwé ìròyìn láìlo awò, mi ò sì gbà á gbọ́. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n kọ̀wé sí ọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, ìyàwó mi, ni.

O mọ̀ pé láti oṣù Ẹrẹ́nà ni orúnkún Fẹ̀yìntọlá méjèèjì ti dá a gúnlẹ̀. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ wa maṣíìnì ìránṣọ mọ́, obìnrin tó ti ń ránṣọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ju aṣọ bo maṣíìnì náà, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù, Dèjì, nítorí o mọ ẹnu àbúrò rẹ. Mo jó ọbẹ̀ mọ́ ìkòkò lọ́jọ́ kan, kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tí yóò ra maṣíìnì náà, obìnrin kan láti Oda, pé Sátidé ni yóò wá gbé e. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kan ò ṣe ọwọ́ rẹ̀, orúnkún nìkan ni. Mo wá rò ó pé kí n de irin kan mọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì náà, kí ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún yí i. Èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba kò bá a mu, torí maṣíìnì àtijọ́ ni. Mo ní màá ṣe é fúnra mi. Mo lọ tọrọ irin sípíríǹgì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n tú lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, mo ní irin tó le ni yóò pẹ́. Ihò mẹ́ta péré ni mo fẹ́ lu sí i: méjì tí bóòtù yóò gbà mọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kan tí igi ìdìmú yóò wà.

Ihò mẹ́ta, tí mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Dìríìlì tí mo rà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, igi ló mọ̀ ọ́n lu. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ó ń ké, ó ń rú èéfín. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ojú irin náà ń dán, ẹnu dìríìlì ló kú. Mo pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, ìyẹn náà kú. Ẹ̀kẹta ṣẹ́, èérún rẹ̀ fò kọjá létí mi. Mo wá rántí bàbá yín. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fi ẹwìrì fẹ́ná fún wọn ní àgbẹ̀dẹ wọn lẹ́yìn ilé ìwé? Mo rántí pé tí irin bá ti pọ́n yòò, omi ni wọ́n ń rì í bọ. Ni mo bá kó èédú jọ, mo fíná mọ́ irin náà títí ó fi pọ́n, mo sì rì í bọ garawa omi. Ó dún ṣìì, inú mi dùn, mo ní èmi náà ti di alágbẹ̀dẹ. Mo gbé e padà sábẹ́ dìríìlì, dìríìlì ò tilẹ̀ ha á lára. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, Sátidé sì ti dé tán.

Mi ò mọ̀ pé Fẹ̀yìntọlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ọ̀pá tilẹ̀, tó ń wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ṣé àdá lẹ ń rọ ni? Omi ni bàbá mi fi ń mú kí ẹnu àdá le. Èyí tó ti le tẹ́lẹ̀ lẹ tún wá mú le sí i."

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní eérú ni. Pé bí bàbá yín bá fẹ́ lu ihò sára irin líle, wọ́n á mú kó pọ́n, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ sínú eérú gbígbóná kó máa tutù díẹ̀díẹ̀, kó lè rọ̀, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án. Èmi àti ìwọ kì í dúró dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù la máa ń sáré lọ gbá. Òun ló máa ń jókòó ti bàbá, àwa ò sì kà á sí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà la tún fíná mọ́ irin, a sì bò ó mọ́ inú eérú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a hú u jáde. Mo gbé àga fún un, ó jókòó sídìí iṣẹ́ mi, ó ń pàṣẹ. Kí n kọ́kọ́ fi ìṣó sàmì sójú ibi tí ihò máa wà. Kí n lo ẹnu dìríìlì kékeré ṣáájú ńlá. Kí n máa kán epo sí i. Tí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jù, á bọ́ sí èdè Oǹdó, á sọ mí lọ́rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí, á wá fi òwe bò ó pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Irin náà ń ká jáde bí èèpo ọsàn. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lu já kí oòrùn tó wọ̀. Ó ti tó oṣù méje, Dèjì, tí ìyàwó mi ti bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo de irin náà mọ́ maṣíìnì, ó sì fi ọwọ́ yí i, ó fi àkísà kan dán an wò. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò tà á mọ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí èmi náà bi í.

Obìnrin ará Oda náà dé ní Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ tí yóò fi gbé e. Mo sá sẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń wá nǹkan, ọkàn mi ò balẹ̀. Ó pẹ́, mi ò gbọ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun. Nígbà tí mo yọjú, obìnrin náà dúró láàárín pálọ̀, ó na apá méjèèjì, Fẹ̀yìntọlá fara ti àga, ó ń fi téèpù wọn àyà rẹ̀, ó ń bi í bóyá apá gígùn ló fẹ́ tàbí kúkúrú. Òfìfo ni ọkọ̀ náà padà sí Oda.

Bá mi kí Bọ́sẹ̀, kí o sì kí àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá wálé. Wàá rí àpò ìrọ̀rí méjì pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí àbúrò rẹ fi ọwọ́ yí rán, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ọwọ́ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀. Bí o bá pè é, sọ fún un pé ó gún régé, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí kírẹ́díìtì rẹ yóò fi tán.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, ọkọ àbúrò rẹ,
Olúrántí.